Ohun Tó Fò Wọ Àgbàlá Onírọ̀rí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ àṣírí àdúgbò kan látòkè délẹ̀, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lọ́dọ̀ àwọn olófòófó. Olófòófó kò mọ̀ ju ohun tó gbọ́ lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe ni kó lọ, nítorí ohun tí èèyàn bá fi ẹnu sẹ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kì í bá a sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló lọ, òfo ni yóò mú bọ̀. Ẹnu obìnrin náà dà bí ẹnu àpò tí wọ́n rán lẹ́ẹ̀mejì.

Onírọ̀rí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ìrọ̀rí rírán, orí ìrọ̀rí ló sì ti bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí bẹ́ẹ̀dì olówùú ẹnì kan bá ti jìn láàárín, tó wá dà bí kòtò tí ajá ń sùn sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á tú ojú rírán rẹ̀, á kó òwú inú rẹ̀ jáde, á sá a sóòrùn, á fi ọ̀pá gígùn nà án títí gbogbo ibi tó ti dì á fi tú ká, tí eruku á máa bo ojú ọ̀run. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, á dà á nù. Á fi tuntun kún un, á wọ̀ ọ́ láṣọ mìíràn, á fi abẹ́rẹ́ gígùn gún un yíká. Ẹni tó bá sùn lé e á rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni.

Iṣẹ́ ìdọ̀tí ni iṣẹ́ náà. Kò sí irú omi tí ń jáde lára èèyàn tí kì í dé inú bẹ́ẹ̀dì: òógùn, ẹ̀jẹ̀, itọ́, ìtọ̀, omi ọmú, èébì. Onírọ̀rí kì í yínmú sí i. "Gbogbo wa la ń sùn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Òfin kan ṣoṣo tó ní ni pé bẹ́ẹ̀dì oníbàárà kan kò gbọdọ̀ kan ojú oníbàárà kejì. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọ́n wọlé, á sì tètè kọ ojú tó ní àbàwọ́n sí ògiri. Nígbà kan, ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ó wá ń là á yé e pé tíì ló dà sí i.

"Tíì ni, ọ̀gá," ni Onírọ̀rí dá a lóhùn.

"Ife tíì kan péré o."

"Ife náà á tóbi díẹ̀, sà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn pàápàá kò mọ ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe.

Nítorí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe mọ ògiri yí àgbàlá ká kí wọ́n tó rí owó kan òrùlé ilé ìdáná. Ògiri náà ga débi pé ọkùnrin tó bá na ọwọ́ sókè kò lè fọwọ́ kan orí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń bi wọ́n bóyá ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kọ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, tí kì í sábàá sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀, fún wọn lésì: "Ẹni tó bá fẹ́ wo ìyàwó mi, kó gba iwájú wọlé, kó kọ́kọ́ kí mi."

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Màmá. Ó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí iyì ara rẹ̀ mú lọ. Láti ìgbà èwe rẹ̀, kò jáde síta láìwé orí rí; ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ kò lè sọ bí irun rẹ̀ ṣe rí. Balùwẹ̀ inú ilé há, kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé, nítorí náà àgbàlá ni Onírọ̀rí ti ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti mú kí omi inú bàsíà lọ́ wọ́rọ́wọ́. Àkókò yẹn nìkan ni Màmá ń ṣí orí. Á jókòó sórí àpótí, á kọjú sí oòrùn, á di ojú, Onírọ̀rí á máa fi kànìnkànìn bá a họ ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí wọn kò fẹ́ràn.

"Ìyàwó mi," ni Màmá sọ lọ́jọ́ kan, "tí mo bá wà nínú ọgbà yìí ni mo tún máa ń dà bí èèyàn."

Ọjọ́ tí nǹkan náà kọ́kọ́ dé, bẹ́ẹ̀dì Alága ló wà nílẹ̀. Alága yìí ni olórí ẹgbẹ́ àdúgbò. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ kì í rún, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fẹ́ kọ nǹkan sí. Ìyàwó rẹ̀ ló fi aṣọ fèrèsé wé bẹ́ẹ̀dì náà, tó gbé e wá nínú ọkọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Onírọ̀rí ṣí aṣọ lórí rẹ̀, ó rí i pé ogbó ti dé sí Alága, kò lè di ìtọ̀ mú lójú oorun mọ́. Àbàwọ́n náà tò léra wọn bíi máàpù, tuntun lórí àtijọ́. Àánú Alága ṣe é gan-an. Ó fi odindi bẹ́ẹ̀dì náà, aláṣọ búlúù onílà funfun, ti ara ògiri, ó sì kọ ojú tó ní àbàwọ́n sóòrùn kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀ kó tó tú u.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí agbọ́n bá há sínú agolo. Ó gbójú sókè. Ohun kan tó ní apá mẹ́rin, tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, dúró gangan sókè àgbàlá rẹ̀. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Dígí kan wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹyinjú, dígí náà yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún. Ó wo òwú tó wà nílẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wá yí padà, ó wo obìnrin náà alára. Onírọ̀rí kò mọ ìgbà tó tú ìró òkè tó fi wé ìdí, tó sáré jù ú bo bẹ́ẹ̀dì náà bí ẹni ń bo òkú. Nǹkan náà tún dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ó fì, ó fò kọjá ògiri lọ.

Ó jókòó lórí òwú. Bó ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe ẹni tó sùn, tó jí, tó bá ọwọ́ àlejò nínú aṣọ ara rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ilé búrẹ́dì ní ìkángun òpópó wọn, fi ẹ̀rín dá a lóhùn nígbà tó gbọ́.

"Dúróònù ni wọ́n ń pè é! Ti Éjẹ́ǹtì ni. Ó fi ń ya ilé látòkè kó lè rí wọn tà. Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Onírọ̀rí, òrùlé wa rẹwà! O ò ní mọ̀ pé tiwa ni."

"Ṣé òrùlé nìkan ló ń yà?"

"Kí ló tún fẹ́ yà? Ìwọ àti èmi, ta ló fẹ́ wò wá?"

Éjẹ́ǹtì yìí ló ń bá àwọn onílé wá ẹni tó máa rà, tó ń bá àwọn ayálégbé wá yàrá. Òkè pátápátá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ilé Onírọ̀rí ló háyà sí. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bàtà rẹ̀ á máa dán gbinrin, lọ́fíńdà rẹ̀ á sì ti kí èèyàn tán kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Onírọ̀rí gun àtẹ̀gùn lọ bá a, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nǹkan yín gba orí àgbàlá mi mọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀, ẹrù olẹ́rù ni. Mo tún ń wẹ arúgbó níbẹ̀."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó fa àga fún un, àmọ́ kò jókòó. "Ilẹ̀ lẹ rà, ẹ ò ra òkè. Ojú ọ̀run ò ní géètì."

"Ṣé ojú ọ̀run lẹ wá ń wò, àbí ojúlé mi?"

Éjẹ́ǹtì fọwọ́ gbá itan, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹnu yín dùn o! Lọ́jọ́ kan, màá fi ya ẹ̀yin gan-an dáadáa, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn ṣáà múra dáadáa."

Ó fi ojú wò ó látòkè délẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe wíwò ìfẹ́, kì í ṣe wíwò ìjà. Bí ẹni ń wo ilé tó fẹ́ tà ni. Lọ́fíńdà náà tẹ̀ lé Onírọ̀rí sọ̀ kalẹ̀ dé ilé, ó sì fọ ọwọ́ àti ojú rẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan iṣẹ́.

Ó gba ọ̀dọ̀ Alága lọ. Alága ń ka ìwé ìròyìn nínú pálọ̀, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Ìyàwó, ọ̀làjú dé, o ń sá fún un. Ọmọkùnrin yẹn ń gbé orúkọ àdúgbò wa ga. Ẹni tí kò bá ṣe ohun ìtìjú, kí ni yóò máa fi pamọ́?"

"Sà, ẹrù àwọn oníbàárà mi wà níta lọ́jọ́ tó wá." Ó tẹ ohùn mọ́ "oníbàárà" yẹn, kí ẹni tó ní etí lè gbọ́.

Ìwé ìròyìn náà gòkè díẹ̀ sí i, ó bo ojú Alága. "Màá bá a sọ̀rọ̀," ló wí.

Bóyá ó bá a sọ̀rọ̀, bóyá kò bá a sọ ọ́. Ohun tó dájú ni pé nǹkan náà padà wá.

Onírọ̀rí ti bọ́ aṣọ lára Màmá lọ́jọ́ náà, ọṣẹ ti hó bo irun orí rẹ̀ tó funfun, tó fẹ́lẹ́ bí òwú tí a fà. Ni ohùn agbọ́n náà bá dé.

"Ìyàwó mi, kí ló ń kùn yẹn?"

Kó tó dáhùn, nǹkan náà ti yọ lórí ògiri. Ó rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá, ó dúró níwájú wọn, dígí rẹ̀ sì kọjú sí Màmá tààrà. Màmá ti la ojú nínú ọṣẹ. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè láti bo ara, ọwọ́ ọ̀tún kò tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kan náà ṣiyèméjì, ó lọ sí àyà, ó lọ sí itan. Níkẹyìn, orí rẹ̀ ló fi bò.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti mu omi yó. Onírọ̀rí fà á yọ, ó fì í bí apẹja tí ń ju àwọ̀n, ó jù ú. Aṣọ náà gbá nǹkan náà mọ́ra, àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ gbì, ó ń jà pàtìpàtì lábẹ́ aṣọ bí adìyẹ tí wọ́n dì nínú àpò. Onírọ̀rí gbé ọ̀pá òwú, ó nà án títí tí ohùn fi wọlé sí i nínú.

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ Màmá, ìyá náà ń gbọ̀n nínú oòrùn.

"Ó rí mi," ni Màmá wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Ẹ̀rọ ni, Mà. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀."

"Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ wo arúgbó níhòòhò? Ọkùnrin kan wà nídìí rẹ̀. Gbé mi wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣan ọṣẹ yìí kúrò lórí yín ná."

"Gbé mi wọlé, mo ní."

Tòun ti ọṣẹ lórí ló gbé e wọlé.

Kò pẹ́ tí géètì fi ń dún. Éjẹ́ǹtì ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín rẹ̀ wà lẹ́nu síbẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ mi bọ́ sí àgbàlá yín."

"Kò bọ́. Èmi ni mo já a lulẹ̀." Onírọ̀rí kò pe "ẹ" mọ́, kò pe "ọ̀gá" mọ́. "Ohun tí o fi ojú rẹ wò, ṣé o rí i dáadáa?"

"Atẹ́gùn ló gbé e wọlé, Mà. Ẹ wò ó, èmi tí mo ní ìyá nílé—"

"Má fi ìyá rẹ kún un. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló máa gbà á lọ́wọ́ mi."

Ojú Éjẹ́ǹtì tún mọ́lẹ̀ padà nígbà tó gbọ́ "ẹgbẹ́ àdúgbò". Òun àti Alága jọ máa ń jókòó. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì na ọwọ́ kí wọ́n bọwọ́. Onírọ̀rí ti géètì.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ bàjẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, òun nìkan ló lọ. Ó gbé dúróònù náà nínú àpò ìrọ̀rí, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì rojọ́ rẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀rọ náà ń wọ àgbàlá òun, pé ó bá òun níbi tí òun ti ń wẹ arúgbó. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Éjẹ́ǹtì dìde, ó ní òrùlé nìkan lòun ń yà, pé tí ohun mìíràn bá yọjú, èèṣì ni.

Alága tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Káàdì tó gba àwòrán sílẹ̀ wà lára ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi í sára kọ̀ǹpútà, ká wò ó, ká lè dájọ́."

"Sà," ni Onírọ̀rí wí, "ẹ má fi han gbogbo èèyàn. Ẹ yan ìyá àgbà méjì kí wọ́n lọ wò ó ní kọ̀rọ̀."

"Ìpàdé gbogbogbòò nìyí, Ìyàwó. A kì í fi ẹ̀rí pamọ́ fún ará ìlú."

Wọ́n fi káàdì náà sára kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, wọ́n yí i sí ojú èrò. Àwọn tó wà lẹ́yìn fa àga wọn súnmọ́ iwájú.

Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ rí lóòótọ́. "Ilé mi rèé!" "Wò ó, táǹkì omi wa!" Inú wọn ń dùn. Ẹ̀rọ náà wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n rí oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń tọ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ẹ̀rín bú. Wọ́n rí Ìyá Oníbúrẹ́dì lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ti ṣí wíìgì, orí rẹ̀ pá láàárín, ó ń fi ìka yọ nǹkan láàárín ìka ẹsẹ̀, ó sì ń gbé e sí imú gbóòórùn rẹ̀.

"Dá a padà! Dá a padà!" Wọ́n dá a padà. Ìyá Oníbúrẹ́dì alára ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí balùwẹ̀ kan tí kò ní òrùlé, àti obìnrin kan nínú rẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sókè, tó ń da omi sára. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Àwọn ọkùnrin na ọrùn. Alága pàápàá yọ awò ojú, ó nù ún, ó gbé e padà sójú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa á. Onírọ̀rí gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń mí, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì rí i lára ju ẹ̀rín lọ. Ó ti rí oríṣiríṣi ẹ̀gbin nínú bẹ́ẹ̀dì èèyàn, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó yọ̀ tó báyìí rí.

Àgbàlá tirẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Òwú nílẹ̀, ọ̀pá, àti bẹ́ẹ̀dì aláṣọ búlúù onílà funfun kan lára ògiri, tí máàpù ìtọ̀ wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì súnmọ́ títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà.

"Yéèè! Kí nìyẹn?"

"Àgbà ló tọ̀ sí i tàbí ẹṣin?"

"Onírọ̀rí, ta ló ni bẹ́ẹ̀dì yìí? Sọ fún wa! Inú àdúgbò yìí náà ló wà!"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n ń nàka síra wọn, wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan ara wọn, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Onírọ̀rí wo Alága. Àwọ̀ ojú ọkùnrin náà ti yí padà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di etí tábìlì mú, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pa á. Ó gbé ojú sókè, ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

"Tèmi ni," ni Onírọ̀rí wí.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń gbá àga, àwọn kan ń nu omijé. Ìyá Oníbúrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìjókòó. Alága náà sì mí kanlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ padà sí ojú rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Onírọ̀rí rò pé ó máa dúró síbẹ̀. Kò dúró síbẹ̀.

"Ìyàwó, ó mà ga o!" ló fi ohùn olùkọ́ rẹ̀ kígbe. "Ẹni tó ń tún bẹ́ẹ̀dì wa ṣe ló ń tọ̀ sílé! Abájọ tí ògiri rẹ fi ga!"

Ẹ̀rín tún bú sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alága ń rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti Onírọ̀rí pàdé mọ́. Ó ń ṣe Onírọ̀rí bí ẹni tó ń jẹun tó wá rí ìdin nínú èyí tó ti jẹ dé ìdajì. Àánú tó ti ní sí ọkùnrin náà yí padà nínú rẹ̀, ó kan bí wàrà.

Ìgbà náà ló rí kẹ̀kẹ́ arọ tó yọ ní etí àwòrán, àti bàsíà omi. Ó mọ ohun tó kàn.

Kò sáré. Ó dìde, ó rìn dé ibi tábìlì, ó fa káàdì náà yọ, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó fi ìka tó ti ń fa abẹ́rẹ́ gígùn láti kékeré ṣẹ́ káàdì náà sí méjì.

"Hàà! Kí ló dé?" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "A ò tíì wò ó tán!"

Onírọ̀rí yíjú sí wọn. "Ẹ ò tíì wò ó tán? Mo rò pé ẹ wá dájọ́ ni."

Wọ́n dájọ́ náà. Alága ní níwọ̀n ìgbà tí olùpẹ̀jọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀rí jẹ́, kò sí ẹjọ́ mọ́. Kí Éjẹ́ǹtì máa ṣọ́ra, kí Onírọ̀rí dá ẹ̀rọ padà kó sì bẹ̀ ẹ́. Onírọ̀rí fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ níbi tó wà, ó mú àpò ìrọ̀rí rẹ̀, ó jáde. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. Ó jókòó sórí òwú, kò lè gbójú sókè.

"Wọ́n ní kí wọ́n dá mi padà, Onírọ̀rí. Wọ́n dá mi padà, wọ́n tún mi wò. Mi ò sùn."

"Ìwọ náà fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Nítorí kí wọ́n lè gbàgbé tèmi ni."

Onírọ̀rí gba búrẹ́dì náà, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò sì fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí búrẹ́dì. Òun àti obìnrin inú balùwẹ̀ yẹn lọ bá ìyá onílé tí Éjẹ́ǹtì háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá onílé kì í wá sí ìpàdé. Orí òrùlé pẹlẹbẹ ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ tòun ti yẹ̀rì nìkan, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé abẹ́ òrùlé yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà ti ń gbéra, kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Éjẹ́ǹtì kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé náà. Ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní àdúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú ló kó lọ, pé ó ti ra ẹ̀rọ mìíràn. Nígbà tí Onírọ̀rí gbọ́, ó ro ti àwọn àgbàlá tó wà níbẹ̀, kò lè yọ̀.

Màmá kò gbà láti wẹ̀ níta mọ́. Ọkọ Onírọ̀rí ta tapólì bo igun àgbàlá kan fún un nígbà tó dé, ṣùgbọ́n ìyá náà wo tapólì, ó ní oòrùn kò sí lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé òun padà sí yàrá. Inú yàrá ni Onírọ̀rí ti ń fi aṣọ tútù nù ún lára báyìí, omi á máa ṣàn sí abẹ́ ibùsùn, àwọn méjèèjì kì í sì sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọkọ Onírọ̀rí gbọ́ orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì náà sọ ìyàwó rẹ̀ ní òpópó. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó ní òun ń lọ bá wọn.

"O ò lọ síbì kankan," ni Onírọ̀rí wí.

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni? Èmi ni mò ń bá ọ sùn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ."

"Tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, kí ni mo fi yàtọ̀ sí wọn?"

Ọkọ rẹ̀ wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà.

Onírọ̀rí tún bẹ́ẹ̀dì Alága ṣe bó ṣe ń tún ti gbogbo èèyàn ṣe. Ó fi òwú tuntun sí i, ó gún un dáadáa, kò fi iṣẹ́ gbẹ̀san. Ìyàwó Alága ló wá gbé e, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ojú ń tì í.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé," ni obìnrin náà wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ ṣeun. Bàbá náà ní kí n kí yín. Wọ́n ní tó bá tún di dandan, ṣé ká tún máa gbé e wá?"

Onírọ̀rí bá a di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú dé inú ọkọ̀. Ó fẹ́ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, nítorí obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́.

"Rárá, Mà. Ẹ sọ fún wọn pé ìdọ̀tí inú bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe."

Ìyàwó Alága mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì wà á lọ. Onírọ̀rí bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀.